Ẹ wó odi, àbí ẹ ṣí bodè? Àríyànjiyàn lórí Walls ti Barbra Streisand

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin. Ọ̀rọ̀ àwo orin òṣèlú ni mo gbé wá. Barbra Streisand, ará Amẹ́ríkà tó ti ń kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, gbé Walls jáde lọ́jọ́ 2 oṣù kọkànlá 2018, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 76. Orin 11 ló wà nínú rẹ̀. Ìjọba Donald Trump ló ń bá wí, gbogbo ayé ló mọ̀, àmọ́ kò dárúkọ ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lójú tèmi, ìyẹn kì í ṣe orin òṣèlú, ẹni tó ń bú ọba lẹ́yìn ni. Bí àgbà olórin kan nílùú wa níbí bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kí ni kó mú níbẹ̀, kí ni kó fi sílẹ̀? Ẹ bá mi dá sí i.

Kẹ̀kẹ́nọ̀
Ẹni tó bá fẹ́ bú ọba lójú, kó ti bá kẹ̀kẹ́nọ̀ (ọlọ́kadà) sọ ọ́ sílẹ̀ kó máa dúró dè é o.

Mìkísà Wàndó
Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Àjàṣẹ́, ẹ má bínú, mi ò gbà. Orúkọ kọ́ ló ń mú orin gbóná. Ẹ wo Fela. Zombie jáde ní 1976, kò sí orúkọ ọ̀gágun kankan níbẹ̀. Àṣẹ tí wọ́n fi ń da ṣọ́jà lórí pápá ló tò kalẹ̀, pé bí wọ́n bá ti pàṣẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, wọn kì í fi orí ara wọn ronú. Lọ́jọ́ 18 oṣù kejì 1977, ṣọ́jà ya bo Kalakuta, ilé Fela, wọ́n dáná sun ún, wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ṣe I.T.T., ó dárúkọ Ọbásanjọ́, ó dárúkọ Abíọ́lá. Èyí tí kò lórúkọ nínú ló ti kọ́kọ́ jó ilé. Bí o ò bá dárúkọ, ẹni tó mọ ohun tó ṣe ló máa fúnra rẹ̀ dáhùn.

Ọ̀pàrà
Ẹ má fi ewúrẹ́ wé ẹfọ̀n. Ta ló fẹ́ dáná sun ilé Streisand? Fela ò dárúkọ, ikú ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin yìí ò dárúkọ, kò sí nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà. Àìdárúkọ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti Fela jẹ́ ọgbọ́n, ti Streisand jẹ́ kí aṣọ má baà run.

Àǹtí Ègbè
Ẹ rọra, Ọ̀pàrà. Orúkọ Streisand wà nínú ìwé àwọn tí Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, kà sí ọ̀tá, ìwé tó tú síta ní 1973. Ní 1986 ó kọrin nínú ọgbà ilé ara rẹ̀ láti kó owó jọ fún ẹgbẹ́ Democrat. Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ẹ tún wo ọjà: àwo rẹ̀ Partners wọlé sí ipò kìíní lórí ìwé Billboard, tó ń to àwo tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà, ní 2014, Encore náà wọlé sí ipò kìíní ní 2016, Walls wọlé sí ipò 12. Ó san nǹkan.

Ọ̀pàrà
Àǹtí, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ìṣirò yẹn ò dọ́gba. Partners àti Encore, orin àkọpọ̀ ni méjèèjì, gbajúmọ̀ kan ló ń bá a gbé orin kọ̀ọ̀kan, orin tí àwọn èèyàn sì ti mọ̀ látijọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Walls, òun nìkan ló dúró síbẹ̀, méje nínú orin 11 sì jẹ́ tuntun. Orin tuntun lẹ́nu àgbà olórin kì í yá tà, bó bá tilẹ̀ jẹ́ orin ìfẹ́ ni. Ẹ má ti ipò 12 sọ́rùn òṣèlú nìkan.

Àǹtí Ègbè
Ìyẹn dára. Mo gbà pé nǹkan méjì ló pò pọ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Alákétu
Ẹ jẹ́ kí Kétu sọ̀rọ̀, nítorí iṣẹ́ yìí, nílé wa ló wà. Lóru Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán tó jó, Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn olórin tó dé ìbòjú, máa ń jáde sójú agbo, ó sì lè dárúkọ, ó lè máà dárúkọ. Méjèèjì wà. Ohun tó wà ṣáájú méjèèjì ni ìjúbà. Ó máa kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá, á júbà ọba, á júbà àwọn tó ti ṣe é kọjá lọ. Kò ní sọ gbólóhùn kan nípa ẹnikẹ́ni títí yóò fi júbà tán. Ìjúbà yẹn ni ìwé àṣẹ rẹ̀: bó bá ti júbà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú un lọ́la nítorí ohun tó sọ lóru.

Lẹ́yìn náà ló máa wá dá orin. Ó lè jẹ́ ìjòyè tó ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì, ó lè jẹ́ ẹni tó jẹ owó ẹgbẹ́. Á dá a lẹ́ẹ̀kan, ègbè á gbà á, wọn á tún un, wọn á tún un, títí ọmọdé tó wà lẹ́yìn agbo fi mọ̀ ọ́n. Kò ní kọjá sórí orin mìíràn kó tó rí i pé ó ti wọlé. Ẹni tí wọ́n ń sọ sì wà láàárín èrò, ojú ti ń mú un, àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ sì ń wò ó. Ibẹ̀ ni Walls ti tẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó ń bá wí ò sí nínú agbo. Àwọn tó ra àwo náà, wọ́n ti gbà pẹ̀lú rẹ̀ kí wọ́n tó rà á.

UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá ní 2008 fún Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ibi ìjó àti igi tí wọ́n ń gbẹ́ ni àwọn àlejò ń ya fọ́tò. Òru Ẹ̀fẹ̀, tí ìwé ìròyìn gidi wà nínú rẹ̀, wọ́n máa ń sùn.

Mìkísà Wàndó
Bàbá Alákétu, ẹ ṣeun. Ẹ fi kún un pé orin àkọ́kọ́ nínú Walls, What's on My Mind, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló fi ń ṣílẹ̀kùn. Ìjúbà tirẹ̀ nìyẹn ní ọ̀nà kan.

Ọmọ Alákétu
Ìjúbà kọ́. Ẹni tó ń sọ ohun tó wà lọ́kàn ara rẹ̀ ò tíì júbà ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Kí ló dé tí a ń rìn lọ sí Amẹ́ríkà pàápàá? Angélique Kidjo wà níbí, ọmọ Ouidah, wọ́n bí i ní 1960, ọdún òmìnira. Ó kúrò nílé lọ sí Paris ní 1983, nígbà tí ìjọba ayé ìgbà náà ń fẹ́ kí olórin máa kọrin fún wọn. Mother Nature tó gbé jáde lọ́jọ́ 18 oṣù kẹfà 2021, òṣèlú ló kún inú rẹ̀: Dignity tó bá Yemi Alade kọ, ìwà ìkà ọlọ́pàá ló dá lé. Ó gba Grammy ní 2022. Ìyẹn ni kí àgbà olórin wa fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Àǹtí Ègbè
Mo fara mọ́ ọn lápá kan. Ohun tí Kidjo ṣe tí Streisand ò ṣe ni pé ó pe àwọn ọmọdé wọlé. Burna Boy wà níbẹ̀, Mr Eazi wà níbẹ̀, Zeynab tiwa wà níbẹ̀. Ẹni tí kò ní gbọ́ Kidjo rí á gbọ́ ọ nítorí Burna Boy. Ìyẹn ló ń gbé orin kọjá agbo tìrẹ, Bàbá Alákétu, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ nìyẹn.

Mìkísà Wàndó
Bí ẹ bá fẹ́ pe ọmọdé tó wà ní Èkó tàbí Paris wọlé láti ọ̀nà jíjìn, ẹ gbọ́ ibi tó ti ń bàjẹ́. Ẹ fi orin náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìyára rẹ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀ ní nọ́ńbà, bí àpẹẹrẹ 104 lù ní ìṣẹ́jú kan. Kí ó gbà á ní WAV (fáìlì tí a kò fún pọ̀), 48 kHz, 24-bit, kí ohùn rẹ̀ gbẹ, kó má fi ìró inú kòtò (reverb) sí i. Kí fáìlì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ orin, ìyẹn láti ìṣẹ́jú-àáyá òdo, ì báà jẹ́ pé ìṣẹ́jú kejì ló tó la ẹnu. Ọ̀pọ̀ ló ń fi MP3 ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìró kòtò ti wọ̀ ọ́, wọ́n sì ti gé iwájú rẹ̀. Ìyẹn ò ṣe é tún ṣe mọ́, ẹ ní kó tún un kọ.

Àǹtí Ègbè
Ẹ jẹ́ n padà sórí ohun kan nínú Walls tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Orin tó fi parí rẹ̀ ni Happy Days Are Here Again. Orin 1929 ni, orin ìdùnnú tó ń sáré. Roosevelt fi polongo ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1932. Streisand mú un nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó sì wà nínú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1963, ó fà á lọ́ra bí ẹni tó ń sọkún. Kò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Ìyára nìkan ló dín, gbogbo ìdùnnú inú rẹ̀ sì di ìbéèrè. Ní 2018 ó tún gbé e wá síparí àwo. Ẹni tó mọ̀ pé orin ìbò ni yóò gbọ́ ìyọṣùtì tó wà nínú rẹ̀.

Èyí gan-an ni kí àgbà olórin wa jí. Mú orin ìpolongo àtijọ́ tí gbogbo Àjàṣẹ́ fi jó, gé ìyára rẹ̀ sí ìdajì, láti bíi 120 sí 60. Àmọ́ ẹ má fi ìlù náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tó ń bà á jẹ́ nìyẹn: ohùn ń sọkún, ìlù ṣì ń jó, àwọn èèyàn á rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ẹ fi dùrù tàbí ìlù kan ṣoṣo sílẹ̀. Ẹ fi kíì (ìpele ohùn orin náà) wálẹ̀ ní ohùn kan tàbí kan àbọ̀ nítorí ọjọ́ orí. Ohùn tó ti kọjá ọdún 70, èémí rẹ̀ kúrú, gbígbọ̀n rẹ̀ sì fẹ̀, nítorí náà ẹ gé gbólóhùn gígùn sí méjì ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti dúró, kì í ṣe ibi tí orin ti dúró. Kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí márùn-ún, lẹ́yìn náà sinmi. Bó bá kọjá wákàtí méjì ohùn ti rẹ̀, ẹ̀ ń bá ara yín ṣeré ni.

Ọ̀pàrà
Owó orin ẹlòmíràn ńkọ́? Nínú Walls, orin mẹ́rin ló jẹ́ ti àtijọ́, ọ̀kan nínú wọn sì so orin méjì pọ̀, Imagine ti 1971 àti What a Wonderful World ti 1967. Ní Amẹ́ríkà nígbà náà, 9.1 sẹ́ǹtì ni owó orin kọ̀ọ̀kan tí kò ju ìṣẹ́jú 5 lọ, lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tó bá tà. Òfin yẹn fún ọ láyè láti kọ ọ́, kò fún ọ láyè láti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sí òṣèlú tìrẹ. Ìdí tí Streisand fi fọwọ́ kan ìyára tí kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, Àǹtí, kì í ṣe ọgbọ́n orin nìkan. Níbí, BUBEDRA, ilé iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin ní Benin, ní Kútọnu ni kí ẹ lọ kí orin tó jáde, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ orin lórí ìwé, orúkọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, ti ẹni tó kọ ohùn, àti ìpín kálukú. Bí ẹ bá jẹ́ kó di ìgbà tí orin ti gbajúmọ̀, ẹni márùn-ún ni yóò sọ pé òun ló dá ègbè.

Mìkísà Wàndó
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa orin òṣèlú níbí ju owó lọ ni pé a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohùn ọkùnrin àti gángan ń jà láàárín 150 sí 400 Hz (Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó). Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ jókòó lórí s, ṣ àti f, láàárín 5,000 sí 8,000 Hz. Ẹ gba ohùn ní ìwọ̀n 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà sí míkírò, ẹ gé ohun tó wà lábẹ́ 80 Hz kúrò lára ohùn, ẹ dín gángan ní 3 dB ní nǹkan bí 250 Hz nígbà tí ohùn bá wà níbẹ̀ nìkan, ẹ ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gángan pàápàá, ẹnu ló ní. Bó bá ń sọ òwe tirẹ̀ nígbà tí olórin ń sọ tirẹ̀, ẹni méjì ló ń sọ̀rọ̀ pọ̀, a ò ní gbọ́ ọ̀kan. Ibi tí olórin bá ti mí ni kí gángan ti dáhùn.

Ẹ má fi agbára pò ó dé -8 LUFS, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí orin ṣe pariwo tó. Spotify á fà á wálẹ̀ sí nǹkan bí -14, ìlù á ti fẹ̀ pẹrẹsẹ, ohùn á wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá pò ó tán, ẹ gbé e sórí fóònù, ẹ dín in kù, kí ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ orin náà rí kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ mẹ́ta gbọ́ nínú ẹsẹ kan, ẹ padà sídìí iṣẹ́.

Àti ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe: bí ẹ bá fi í sí yíyára jù, ó máa ń gé ìyọ́ ohùn wa. "Náà" á di "ná". Ẹ jẹ́ kó lọ́ra.

Kẹ̀kẹ́nọ̀
Ṣé ẹ ti rí orúkọ fún àwo náà? Walls, ìyẹn ni "Odi" o.

Mìkísà Wàndó
Ẹ wò ó, èyí gan-an ni mo fẹ́ fi hàn yín. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ègbè ni "Ẹ wó odi". Ohùn ọ̀rọ̀ rẹ̀: re mí re re. Ẹni tó ń kọ orin á fẹ́ kí ègbè bọ́ sílé, sí ìsàlẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orin ṣe ń parí. Á wá di re mí re dò. Èèyàn ò ní gbọ́ "odi" mọ́, "odì" ni wọn á gbọ́, odì tí èèyàn ń yàn síra wọn. Bí ó bá tún sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú, re mí dò dò, ó di "òdì". Orin tó fẹ́ wó ògiri ìjọba ti di orin àwọn ìyàwó méjì tí ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ojútùú rẹ̀: ẹ má jẹ́ kí odi wà níparí. "Ẹ wó odi palẹ̀." Re mí re re re dò. "Palẹ̀" ló gba ìsàlẹ̀, odi dúró sí àyè rẹ̀.

Àǹtí Ègbè
Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Ọmọ Alákétu
Kò dùn mọ́ mi o. Ẹ gbé orin yẹn wá kọ ní Kétu, kí ẹ wo ojú tí àwọn àgbà máa fi wò yín. Odi kì í ṣe ohun búburú lọ́dọ̀ wa. Odi àti yàrà ló yí Kétu ká, Àkábà Ìdénà ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ní 1886 ogun Dàhọ̀mì wọ ìlú, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n kó èèyàn lẹ́rú. Ẹ wá ń sọ fún Kétu pé "ẹ wó odi palẹ̀"? Orin ogun àwọn tó kó wa nìyẹn. Odi Streisand, ohun tí ọlọ́lá mọ láti fi lé àlejò ni. Odi tiwa, ohun tí ẹni tí wọ́n ń dọdẹ mọ láti fi gba ara rẹ̀ là. Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀yìn rẹ̀ yàtọ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Hẹn-ẹn. Èyí wọ̀ mí lára. Ká ní Streisand dárúkọ Trump, odi rẹ̀ á ti wà ní Amẹ́ríkà, a ò bá má ti máa bá a jiyàn níbí. Lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, mo ti sọ̀kò sílẹ̀. Bàbá, kí wá ni ká fi rọ́pò odi?

Ọmọ Alákétu
Bodè. A kì í wó odi, ẹnubodè là ń ṣí.

Mìkísà Wàndó
Ẹ dúró. "Ẹ ṣí bodè." Re mí re dò. Ohùn tó ń ba odi jẹ́ lẹ́ẹ̀kan gan-an ló bá bodè mu rẹ́gí! Ó parí nísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ò nílò "palẹ̀" mọ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Àti pé kò sẹ́ni tí kò ní mọ ohun tí à ń sọ. Nàìjíríà ti bodè pa ní oṣù kẹjọ 2019, ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Kútọnu, Àjàṣẹ́, Ìgólò, Kétu, gbogbo ẹni tó ń ta tòmátì tàbí ọ̀pẹ òyìnbó mọ iye ẹrù tó jẹrà. A ò ní dárúkọ ààrẹ kan, ti ìhín tàbí ti ọ̀hún.

Kẹ̀kẹ́nọ̀
Oníbodè pàápàá á fi jó, lẹ́yìn tó bá gba tirẹ̀ tán.

Àǹtí Ègbè
Kí ègbè jẹ́ ohùn obìnrin, àwọn ọlọ́jà ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹni mẹ́fà tó, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má fa "dè" gùn ju ẹnìkejì lọ.

Ọ̀pàrà
Ọjọ́ tó máa jáde ni kí ẹ ṣọ́. Don't Lie to Me, ọ̀kan nínú orin Walls, jáde lọ́jọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 2018, ó ku ogójì ọjọ́ kí Amẹ́ríkà dìbò lọ́jọ́ 6 oṣù kọkànlá. Ìyẹn bójú mu. Àwo fúnra rẹ̀ wá jáde nígbà tó ku ọjọ́ 4, ọ̀pọ̀ ti dìbò ṣáájú. Níbí ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí bí ìpolongo bá ti bẹ̀rẹ̀, HAAC, àjọ tó ń darí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Benin, ń ṣọ́ ohun tí rédíò ń gbé, kò sí ẹni tó máa fẹ́ fi orin yín sórí afẹ́fẹ́. Ẹ gbé bodè jáde ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí ó ti wà lẹ́nu àwọn ọlọ́jà kí ìpolongo tó dé. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń pín orin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ náà. Bí orin bá ti jáde, Spotify ò ní gba ẹ̀bẹ̀ yín fún ìwé orin wọn (playlist) mọ́.

Ọmọ Alákétu
Ìjúbà ńkọ́?

Mìkísà Wàndó
Orin kìíní, Bàbá. Kò ní ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kò sì ní sí ìlù kankan nínú rẹ̀ ju ìyá-ìlù lọ.